Ohùn Tó Wà Létí Àwo

Ní òpópónà wa ní Ṣómólú, Ìyá Síìdì ni wọ́n ń pè é. Àṣìṣe méjì ló wà nínú orúkọ yẹn, mo sì ti tún un ṣe fún àwọn ènìyàn títí ó fi sú mi. Àkọ́kọ́, Oyèbísí kò bímọ. Èkejì, síìdì kọ́ ló ń bọ́ ọ mọ́. Ìwé títẹ̀, fọ́tò pélébé àti káàdì tí wọ́n ń fi ọ̀rá bò ni àwọn ènìyàn ń bá wá sí sọ́ọ̀bù rẹ̀ báyìí. Síìdì tó kù fún un kò ju ti àwọn alàgbà ìjọ tí ọkọ̀ wọn ti gbó, tí wọ́n ṣì ń gbọ́ ìwàásù nínú rẹ̀ lọ́nà ibi iṣẹ́, àti ti iléèwé bíi tiwa, tí a fi ń ṣe ìdánwò ìgbọ́rọ̀-yé fún àwọn ọmọ.

Sọ́ọ̀bù náà kò fẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé Mùtíù ló fara ti ògiri rẹ̀ lápá ọ̀tún. Láti àárọ̀ ni ẹ̀rọ Mùtíù ti máa ń ké gbà-gbà-gbà, tí ògiri Oyèbísí á máa gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀, tí àwọn férémù fọ́tò tó fi kọ́ á máa wọ́ díẹ̀díẹ̀ títí wọn á fi wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ti mọ́ ọn lára. Ó sọ fún mi nígbà kan pé bí ẹ̀rọ náà bá dákẹ́ ni òun tó ń mọ̀ pé òun nìkan ni òun wà.

Kì í ṣe òun nìkan ló ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Inú yàrá tó wà lẹ́yìn sọ́ọ̀bù ni òun àti ìyá rẹ̀ jọ gbé. Tabitha ni wọ́n ń pe ìyá náà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi láti kékeré. Ọmọ mẹ́fà ló bí. Samson ni àkọ́bí, Oyèbísí ni àbíkẹ́yìn. Àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ ti tú ká, ẹlòmíràn sí Àbújá, ẹlòmíràn sókè òkun. Ẹni tó kẹ́yìn dé ló kẹ́yìn dúró.

Ní àràárọ̀, bí Oyèbísí bá ti kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, oríkì rẹ̀ ni ìyá á fi dá a lóhùn: "Àwẹ̀ró." Á wá fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́yìn orúkọ náà, bí inú rẹ̀ bá ṣe dùn tó ní ọjọ́ náà. Bí orókún bá ń dùn ún, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni. Bí oorun rẹ̀ bá dára, á pẹ́ kí ọmọ tó dìde. Ẹ̀gbọ́n lè pe àbúrò ní oríkì bí ó bá wù ú, ṣùgbọ́n Bísí ni àwọn ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ ń pè é. Àwọn oníbàárà ń pè é ní Ìyá Síìdì. Ẹnu kan ṣoṣo ló ń pè é ní Àwẹ̀ró ní gbogbo ayé.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí ìyá pé ọgọ́rin ọdún, gbogbo àwọn ọmọ sọ pé àwọn ń bọ̀. Ìyá wá pe Oyèbísí.

"Mo fẹ́ kí o gba ohùn mi sílẹ̀. Mo fẹ́ kí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n sọ bí mo ṣe bí wọn, kí wọ́n lè máa rí nǹkan gbọ́ nígbà tí n kò bá sí mọ́."

"Ẹ̀rọ bọ̀dá Mùtíù á bà á jẹ́, màámi."

"Lọ bá a sọ̀rọ̀, nígbà náà. Mi ò sì fẹ́ rí ọ níbí. Báwo ni mo ṣe máa kí ọmọ tó ń na wáyà sí mi lẹ́nu?"

Oyèbísí gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ kalẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì jáde lọ bá Mùtíù. Ọkùnrin sísanra ni Mùtíù, kì í sọ̀rọ̀ kó má fi ẹ̀fẹ̀ sí i.

"Kí n pa ẹ̀rọ? Kálẹ́ńdà àwọn ènìyàn ńkọ́? Ṣé Màmá fẹ́ díje fún gómìnà ni?"

"Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ wọn ni, ẹ jọ̀ọ́."

"Ó dáa. Tí wọ́n bá kí àwọn yẹn tán, kí wọ́n má gbàgbé èmi. Ọbẹ̀ tí mo ti lá nílé yẹn, ó tó kí wọ́n kà mí mọ́ wọn."

Ó pa ẹ̀rọ, ó jókòó sórí ìdì bébà. Oyèbísí dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìtẹ̀wé náà bí ẹ̀ṣọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa wá tan nǹkan kan. Ó dúró títí ìyá rẹ̀ fi pè é. Nítorí náà, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan nínú ohun tí ìyá sọ. Ìyá sì tún fi òfin dè é.

"Kí ẹnikẹ́ni nínú yín má gbọ́ ọ lójú mi. Ojú á tì mí. Ó dìgbà tí mo bá lọ."

Oyèbísí pa òfin náà mọ́. Nígbà tó ń gbé ohùn náà sínú kọ̀ǹpútà, ó kàn gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ láti mọ̀ pé ó mú, ó sì pa á. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ ìyá gùn, pé ó máa kún àwo síìdì kan dẹ́nu, kò ní ṣẹ́ kù, kò sì ní ṣàìtó. Ó da ọ̀kan kọ fún ìyá fúnra rẹ̀ lórí dráìfù àtijọ́, ẹ̀rọ tó fi ń kọ síìdì, tó ti ń lò bọ̀, ó sì fi sùúrù ṣe é.

Àwọn ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni kò rí sùúrù. Wọ́n ti jẹ, wọ́n ti mu, wọ́n ti dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ àwo sì wá di ti ọjọ́ tí wọ́n ń lọ. Samson ti wọ bàtà.

"Bísí, ọkọ̀ òfuurufú kò ní dúró dè mí o. Kí ló ń pẹ́ tó báyìí?"

"Bí ó ṣe ń ṣe nìyẹn, bọ̀dá mi. Ó ń rọra kọ ọ́ ni."

"Èyí tuntun yẹn ńkọ́? Ṣé ọ̀ṣọ́ lo rà á fún ni?"

Ni ó bá fi àwọn àwo náà sínú dráìfù tuntun, ó sì yan ìyára tó ga jù. Ó ṣe ti Samson, ó ṣe ti àwọn yòókù, ó sì ṣe tirẹ̀ mọ́ wọn kí iṣẹ́ lè parí lẹ́ẹ̀kan.

Níbí ni mo ti gbọ́dọ̀ tún nǹkan ṣe, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ bí àwo síìdì ṣe ń gba ọ̀rọ̀. Wọ́n rò pé ó dà bí rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́, pé láti etí ló ti ń bẹ̀rẹ̀ wọ inú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìdí ihò àárín ni síìdì ti ń bẹ̀rẹ̀, ìlà rẹ̀ á sì máa yí jáde bọ̀ ní etí. Wọ́n tún rò pé ìyára tí wọ́n kọ sára dráìfù ni yóò máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyẹn náà kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo dráìfù.

Ẹ kó àwọn ọmọ iléèwé jọ sórí pápá. Kí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú ní ìlà gbọọrọ, kí ẹni àkọ́kọ́ dúró sójú kan, kí àwọn yòókù wá máa yí i po láìjá ìlà. Ẹni tó sún mọ́ àárín á kàn máa rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹni tó wà ní ìparí á sáré títí bàtà á fi bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìyípo kan náà ni wọ́n jọ ń yí. Bí dráìfù tuntun Oyèbísí ṣe ń ṣe nìyẹn: ìyípo rẹ̀ kì í yẹ̀. Bí iná lésà tó ń kọ ọ̀rọ̀ sára àwo bá ti ń jáde lọ sí etí, ìlà á máa sáré kọjá lábẹ́ rẹ̀ sí i, àyè tí iná ní láti fi àmì sílẹ̀ á sì máa dín kù. Àmì tó wà nídìí ihò á jinlẹ̀, èyí tó wà létí á fẹ́lẹ́.

Dráìfù àtijọ́ yàtọ̀. Bí ó bá ti ń sún mọ́ etí, á dẹ ìyípo rẹ̀, bí ìgbà tí olùkọ́ bá ní kí ìlà náà máa rọra yí kí ọmọ ìparí lè rìn bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìwọ̀n kan náà ni ìlà fi ń kọjá lábẹ́ iná láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó máa ń pẹ́, ṣùgbọ́n àmì rẹ̀ máa ń dọ́gba. Kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí èyí sọ pé bí ó bá ti lọ́ra tó ló ṣe dára tó. Àwo wà tí wọ́n ṣe fún ìyára, tó jẹ́ pé bí o bá lọ́ra jù lórí rẹ̀, iná á jó o kọjá bó ṣe yẹ. Ìyára tó bá àwo mu ni ènìyàn ń wá. Oyèbísí mọ èyí dáadáa. Ṣùgbọ́n Samson ń wo aago.

Ohun tí kò ro ni ètò tí ìyá fi kí wọn. Kò sí ìyá nínú wa tó máa kí àbúrò kó tó kí ẹ̀gbọ́n. Samson ni yóò ṣáájú, nídìí ihò, níbi tí gbogbo nǹkan ti rọrùn. Àbíkẹ́yìn ló máa wà létí.

Ìyá kú lẹ́yìn ọdún mélòó kan, lójú oorun, láìṣe àìsàn. Kí ó tó kú ni iná ìjọba ti dé pẹ̀lú agbára ní ọjọ́ kan, ó sì jó ohun tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pa mọ́ sí, gbogbo ohùn tó wà níbẹ̀ sì lọ. Oyèbísí kò fi bẹ́ẹ̀ kẹ́dùn nígbà náà. Ó ní síìdì wà. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sin ìyá, wọ́n sì padà sí ibi tí wọ́n ti wá. Oyèbísí kò gbọ́ àwo náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ń tọ́jú rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó jí, ó fọ ẹnu, ó ṣí sọ́ọ̀bù, ó sì rántí pé kò sí ẹni tó ti pe orúkọ òun láti ọjọ́ mélòó kan. Àwọn tó wá tẹ ìwé kò pe orúkọ. Wọ́n kàn ní, "Ẹ bá mi ṣe méjì." Ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó fi àwo náà sínú ẹ̀rọ.

Ìyá sọ̀rọ̀. Ó kí Samson, ó sì pẹ́ lórí rẹ̀ bí ẹni pé òun nìkan ni ó bí. Ó kí Bọ́dúndé, ó kí Dọlápọ̀, ó kí àwọn yòókù. Ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí ó ṣe ń lọ, ìró kéékèèké ń wọ àárín ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìyá ní, "Ó ku Àwẹ̀," ariwo sì gba ẹnu rẹ̀. Krr, krr, krr. Àwo náà dúró.

Ó yọ ọ́, ó fi aṣọ tó rọ̀ nù ún láti àárín tààrà wá sí etí, bó ṣe yẹ kí a nù ún. Àwọn tó ń nù ún yípo ń bà á jẹ́ ni. Ó dín ìyára tí ẹ̀rọ fi ń kà á kù dé ìsàlẹ̀ pátápátá. "Ó ku Àwẹ̀." Krr, krr. Ó gbìyànjú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, títí ó fi di pé ìdajì orúkọ rẹ̀ ló ń gbọ́ nínú oorun.

Ó pe Samson lórí fóònù.

"Síìdì wo?" ni Samson béèrè.

"Èyí tí Màámi fi kí wa."

"Áà, Bísí. Ta ló ṣì ní ohun tó ń lo síìdì níbí? Ó máa wà nínú àpótí kan níbì kan. Ṣé kò sí lórí fóònù ẹ ni?"

"Kò sí. Ṣé ẹ ti gbọ́ ọ rí, bọ̀dá mi?"

"Mo ń tọ́jú ẹ̀ ni. Ṣé o ti jẹun?" Kí Oyèbísí tó dáhùn, ẹnì kan pe Samson nínú ilé tirẹ̀ lọ́hùn-ún, ó sì ní òun máa pè é padà.

Dọlápọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà ní Àbújá, fi tirẹ̀ ránṣẹ́ nípasẹ̀ awakọ̀. Kò tíì já ọ̀rá rẹ̀. Ní "Ó ku" ni ti Dọlápọ̀ ti dúró, kò tilẹ̀ dé orí orúkọ. Oyèbísí gbé àwo méjèèjì síta, ó yí abẹ́ wọn sí oòrùn. Nídìí ihò, àwọ̀ rẹ̀ mọ́, ó dọ́gba. Bó ṣe ń lọ sí etí ni àwọ̀ náà ń ṣá. Ìgbà yẹn ló yé e. Gbogbo àwọn tí ó ṣe ní ọjọ́ náà, ibi kan náà ni wọ́n máa kú sí.

Ó ku èyí tí ó ṣe fún ìyá lórí dráìfù àtijọ́. Ó tú àpótí ìyá, kò bá a. Ó tú abẹ́ ibùsùn. Ó jókòó sórí ilẹ̀ láàárín aṣọ ìyá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú sí ẹni tí ìyá lè fún ní nǹkan. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó rí, Màmá Waliyat ní Bàrígà. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Màmá Waliyat, mùsùlùmí ni, òun àti Tabitha ni wọ́n jọ ta òwú ìránṣọ ní Onípánù nígbà tí agbára wà. Oyèbísí kò tíì lọ kí i láti ìgbà ìsìnkú. Bí obìnrin náà ṣe ń na ẹsẹ̀ kan tí á ká èkejì bí ó bá jókòó, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá Oyèbísí ṣe ń jókòó. Ìdí tí kò fi lọ nìyẹn.

Ó lọ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Màmá Waliyat wà lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó na ẹsẹ̀ kan.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, mà. Oyèbísí, ọmọ Màmá Tabitha."

"Oyèbísí wo? Èyí tí mo mọ̀ ti gbàgbé ilé mi."

"Ẹ má bínú, mà."

"Ìbínú ń fẹ́ agbára, mi ò ní in. Jókòó. Kí lo wá mú? Mo rí i lójú ẹ pé o wá mú nǹkan."

Oyèbísí sọ ọ́. Màmá Waliyat kò wá a rárá. Ó ní kí ó na ọwọ́ sórí pẹpẹ, lábẹ́ Kùránì. Àwo náà wà níbẹ̀ nínú ọ̀rá, ó mọ́ bí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é.

"Kí ló dé tí wọ́n fi fún yín, mà?"

"Ó ní òun mọ ohun tí òun sọ, kí ni òun tún fẹ́ gbọ́ níbẹ̀. Èmi ni mo ní kó jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Waliyat ní rédíò tó ń lò ó nígbà yẹn."

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ dé ìparí?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Kí ni wọ́n sọ sí mi, mà?"

"Ṣé èmi ni mo bí ọ ni? Lọ gbọ́ ọ fúnra ẹ. Tó o bá sì gbọ́ ọ tán, má bínú sí i."

Nígbà tí Oyèbísí dìde, ó tún pè é padà. "Orúkọ kan wà tó máa ń pè ọ́. Ó ti fò mí lórí. Kí lorúkọ náà ná?"

Oyèbísí dúró pẹ̀lú àwo náà láyà. Ó fẹ́ sọ ọ́.

"Oyèbísí ni, mà," ló sọ.

Tààrà ni ó gba ilé ìtẹ̀wé Mùtíù lọ.

"Kí n tún pa á?" Mùtíù ní. "Ta ló tún ń díje báyìí?"

"Kò sẹ́ni tó ń díje."

Mùtíù wo ojú rẹ̀, kò fi ẹ̀fẹ̀ kankan sí i mọ́. Ó pa ẹ̀rọ. Gbogbo ògiri dákẹ́.

Oyèbísí tilẹ̀kùn yàrá, ó fi àwo náà sínú dráìfù àtijọ́. Kò fò síwájú. Láti orí Samson ló ti gbọ́ ọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń dúró de ipò tirẹ̀. Ohùn náà kò ta. Bí ó ṣe mọ́ lórí àkọ́bí ló ṣe mọ́ lórí ẹni karùn-ún. Lẹ́yìn náà ni ìyá wúkọ́.

"Ó ku Àwẹ̀ró."

Ó tún wúkọ́.

"Àwẹ̀ró kò sí níbí. Ó wà lọ́dọ̀ Mùtíù, ó ń bá mi dá ẹ̀rọ dúró. Ẹ̀yin márùn-ún ni mo ṣe èyí fún, torí ẹ̀yin ni mi ò rí. Èyí tó wà lọ́dọ̀ mi, àárọ̀ ọ̀la ni màá kí i."

Àga dún. Ìyá gbé ohùn sókè. "Oyèbísí! Ó tó, wá pa á!"

Ìró sálúbàtà ń bọ̀ láti òkèèrè. Ilẹ̀kùn ṣí. Ohùn kan tó kéré sí tirẹ̀ báyìí, tó yá ju tirẹ̀ lọ, wá sọ pé, "Ẹ ti ṣe tán, màámi?"

"Mo ti ṣe tán. Ṣé o ti jẹun?"

Ibẹ̀ ni ó parí sí. Àwo kò ní àyè mọ́.

Oyèbísí jókòó níbẹ̀. Ó ń gbìyànjú láti rántí ohun tí òun dá ìyá lóhùn ní ọjọ́ náà, bóyá òun ní òun ti jẹun, bóyá òun ní òun kò tíì jẹ. Kò rántí. Ó tún un gbọ́ láti orí ìró sálúbàtà, bóyá yóò rí i. Kò sí níbẹ̀.

Mùtíù kan ilẹ̀kùn. "Ìyá Síìdì, ṣé kí n máa bá iṣẹ́ lọ?"

"Ẹ máa bá a lọ, bọ̀dá Mùtíù. Ẹ ṣé."

Ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà. "Kí ni Màmá sọ?"

"Wọ́n ní kí n wá pa á."

Mùtíù rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ. Láìpẹ́, ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Oyèbísí mú òfìfo àwo kan nínú èyí tó kù. Ó gbé ohùn náà sórí kọ̀ǹpútà, ó sì wo ètò rẹ̀ lójú ẹ̀rọ náà: ó lè gbé Àwẹ̀ró lọ síwájú, kó fi Samson sẹ́yìn, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìyá ṣe kí wọn ló ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Ó yan ìyára tó bá àwo náà mu, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì gbé ọwọ́ lé orí dráìfù àtijọ́ náà, nítorí pé ẹ̀rọ Mùtíù kò jẹ́ kí ó gbọ́ ọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Oníbàárà kan kan ilẹ̀kùn sọ́ọ̀bù, kò rí ẹni dáhùn, ó sì lọ. Bí iṣẹ́ ṣe ń sún mọ́ etí àwo, ó mọ̀ ọ́n lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ pé ìyípo rẹ̀ ń dẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé ibi tí àbíkẹ́yìn wà.